Ìka Méjì Rájí

Ní Ẹnu-Ọ̀wá, ẹni tó bá ti sọ pé Rájí ló rán aṣọ òun kò tún ní àlàyé kankan láti ṣe. Aṣọ Rájí kì í há mọ́ ènìyàn, kì í sì í fẹ̀ lára ènìyàn bí àgọ́. Ìyá a wọ̀ ọ́ títí, ọmọ a sì gbà á wọ̀. Rájí fúnra rẹ̀ ti kú láti ọdún mọ́kàndínlógún, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà ní iwájú ilé àwọn baba rẹ̀, kò jìnnà sí ògiri Ìga, ààfin ọba Èkó, Memunat ọmọ rẹ̀ ló sì jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Memunat ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Obìnrin gíga ni, ó máa ń na ọrùn nígbà tó bá ń rìn, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ a sì máa sọ pé ó ń wá ẹni tí yóò bá jà ni. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Kò wá ìjà rí. Ìjà ló máa ń wá a wá sílé. Ó wà ní ìwé kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí bàbá rẹ̀ sì mú un wọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tẹ́lọ̀ àdúgbò wá bá Rájí, wọ́n ní kò bójú mu kí ọmọbìnrin máa gé agbádá ọkùnrin. Rájí bi wọ́n léèrè bóyá àlùmọ́gàjí mọ ọwọ́ ọkùnrin yàtọ̀ sí ọwọ́ obìnrin. Kí wọ́n tó rí èsì fọ̀, Memunat ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó gé agbádá odindi kan lójú wọn, kò sì gbójú sókè títí ó fi parí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá síwájú rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà tí ará ìta kò mọ̀. Gbogbo páálí ìwọ̀n tí Rájí gbé kọ́ sára ògiri, ti jàlámíà, ti bùbá, ti ṣòkòtò, ni ó fi ìka méjì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọṣẹ́ kan ló fà á. Kí wọ́n tó bí Memunat ni ọmọṣẹ́ yìí jí àwọn páálí rẹ̀ àkọ́kọ́ kó, tó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí Òkè-Àrìn. Rájí kò pariwo, kò sì pe ọlọ́pàá. Ó gé páálí mìíràn, ó sì fi ìka méjì dín etí gbogbo wọn kù. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ gé aṣọ, á tẹ́ páálí lé e, á fi ìka méjì ọwọ́ òsì wọn aṣọ kọjá etí páálí, á fa ìlà sí ibi tí ìka náà parí sí, ibẹ̀ ni yóò sì gé. Olè tó bá gbé páálí Rájí, aṣọ híhá ló gbé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ènìyàn fi lè mọ àṣírí yìí ni kí ó kọ́ṣẹ́ parí. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe àdúrà ìyọ̀ǹda fún un, Rájí á fà á mọ́ra, á sì sọ ọ́ sí i létí. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló sọ ọ́ fún kó tó kú. Salahudeen, tó ń ránṣọ ní ojúlé kẹta sí ti Memunat, ni ó ṣe ìkẹsàn-án.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni nǹkan le fún àwọn tẹ́lọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ iṣẹ́, aṣọ ilé-ìwé, aṣọ nọ́ọ̀sì, aṣọ àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, kò yà sọ́dọ̀ wọn mọ́. Alhaji Ṣéhù kọngílá, tó ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan lókè afárá, ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó mọ aṣọ rán jù wọ́n lọ; òun nìkan ló lè dáhùn nígbà tí oníṣẹ́ bá sọ pé ẹgbẹ̀ta aṣọ ni òun ń fẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá ránṣẹ́ sí àwọn tẹ́lọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, kí wọ́n wá jókòó sídìí ẹ̀rọ tòun. Àwọn kan lọ. Ẹni tó lọ kì í padà wá ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́.

Memunat kan ìlẹ̀kùn mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ nídìí gbogbo wọn: ẹnikẹ́ni kò ní í ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní í di ọmọṣẹ́ ẹnìkejì, olúkúlùkù yóò máa mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ńlá bá dé, ṣọ́ọ̀bù méjèèje yóò di ọwọ́ kan. Báyìí ni Àjùmọ̀ṣe Ẹnu-Ọ̀wá ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé pátákó kan sí ẹnu ọ̀nà tóóró tó wọ àdúgbò wọn, wọ́n sì kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù méjèèje sí i. RÁJÍ ló wà lókè pátápátá.

KÀMỌ́RÙ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Kàmọ́rù, Olówógbowó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, kì í tilẹ̀ ránṣọ. Gígé nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ìgéṣọ oníná kan tó lè gé ogójì aṣọ tí wọ́n tò léra lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ béèrè ohun tí ará Ìjẹ̀bú láti Olówógbowó ń wá lórí pátákó Ẹnu-Ọ̀wá. Memunat ló jà fún un.

Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin ẹgbẹ́. Èyí tí wọ́n jiyàn lé lórí jù lọ sọ pé ṣọ́ọ̀bù tó bá ba iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe jẹ́, orúkọ rẹ̀ yóò kúrò lára pátákó fún ọdún kan gbáko, ì báà ṣe ti ta ni. Hàlímọ̀, àgbà obìnrin tó ń kọ́ ọrùn aṣọ tó sì ń de bọ́tìnnì, bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ‘àfi bí ó bá bẹ̀bẹ̀’ kún un.

“Òfin tó bá ti ní ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn,” ni Memunat wí, “ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́.”

Ní ọdún yìí ni iṣẹ́ ńlá dé. Bilqis, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ nítòsí CMS máa ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Mẹ́kà, fẹ́ ẹgbẹ̀ta jàlámíà aláwọ̀ kan náà fún àwọn obìnrin tó fẹ́ rìnrìn-àjò. Ọkọ̀ òfuurufú yóò gbéra ní Ọjọ́bọ̀; aṣọ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó ní bí aṣọ bá dára, Àjùmọ̀ṣe ni yóò máa rán an lọ́dọọdún. Bí kò bá dára, nọ́ńbà Alhaji Ṣéhù wà nínú fóònù òun.

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, lẹ́yìn ìrun Àláásárì, wọ́n pín iṣẹ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù Memunat. Salahudeen gba apá aṣọ, Hàlímọ̀ gba ọrùn, àwọn mẹ́ta yòókù gba rírán ara aṣọ pọ̀, Memunat gba àyẹ̀wò. Ara aṣọ, iwájú àti ẹ̀yìn, di ti Kàmọ́rù. Memunat yọ páálí jàlámíà lára ògiri, ó nà án sí i. Ọ̀rọ̀ ìka méjì gun orí ahọ́n rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀. Ó rí bàbá rẹ̀ bó ṣe máa ń fa ọmọṣẹ́ mọ́ra lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí onítọ̀hún ti fi ń gbálẹ̀, tó ti fi ń pọn omi. Ṣé ẹni tí kò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Rájí rí ni yóò gbọ́ ọ báyìí, ní ìdúró, bí ẹni tó ń gba ṣẹ́ńjì lọ́wọ́ alákàrà?

“Ọjọ́rú ni kó o gé e,” ni ó wí. “Má fọwọ́ kàn án títí di ìgbà yẹn. Èmi fúnra mi á wá dúró tì ọ́.”

Ó ti pinnu pé òun yóò fọwọ́ ara òun fa ìlà sórí aṣọ, kí Kàmọ́rù sì gé e láì mọ ìdí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún fídáù àǹtí rẹ̀ kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí kan náà ni iná dé sí Olówógbowó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti wà láìní iná, kò sì lọ títí oòrùn fi wọ̀. Kàmọ́rù pe Memunat lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí fóònù, kò wọlé. Ó wo iná, ó wo aṣọ, ó wo ọjọ́ tó kù. Ó sì gé ẹgbẹ̀ta ara aṣọ tán, lórí ìlà páálí gẹ́ẹ́, bí ẹni rere.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, kí Memunat tó yọ gèlè ìrìn-àjò kúrò lórí, Salahudeen ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbé ara aṣọ kan àti apá aṣọ kan lọ́wọ́.

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo nǹkan.” Ó fi apá aṣọ náà sí ihò èjìká. Kò bá a mu. Ó ká ara aṣọ náà mọ́ra rẹ̀. Kò ká ikùn rẹ̀ tán. “Apá tí èmi gé, ìka méjì wà níbẹ̀. Èyí tí Kàmọ́rù gé, kò sí.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ sọ fún un, àbí ẹ ò sọ fún un?”

Memunat ti mọ̀ kó tó béèrè. Ó ti mọ̀ láti ìgbà tó ti rí bí aṣọ náà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Salahudeen,” ni ó wí, “ṣé mo lè gbé páálí bàbá mi lé ènìyàn lọ́wọ́ láì sọ fún un?”

Ìbéèrè ni. Kò pa irọ́ kankan. Ṣùgbọ́n Salahudeen gbọ́ ‘mo sọ fún un’ nínú rẹ̀, Memunat sì rí i nígbà tó gbọ́ ọ, kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

“Olè ni nígbà náà,” ni Salahudeen wí. Ó yí padà, ó ń yára lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àìlá, gbogbo wọn péjọ. Kàmọ́rù kẹ́yìn dé, ẹ̀rín sì ń bẹ ní ẹnu rẹ̀.

“Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Iná ló ṣàánú wa lánàá o. Mo ti gé gbogbo rẹ̀ tán.”

“O gé e tán lóòótọ́,” ni Hàlímọ̀ wí. “Aṣọ ọmọlangidi lo gé. Àwọn Alhaja wo ló fẹ́ wọ èyí, àwọn tí kò tíì jẹun láti oṣù Rájábù?”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò rí ibi jókòó. Salahudeen ju ara aṣọ náà sílẹ̀ níwájú Kàmọ́rù. Ó ní òun ti yà sí Olówógbowó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, òun sì rí i lójú fèrèsé: ìdì àgékù aṣọ mẹ́ta, tó ga tó ìbàdí ènìyàn.

“Tẹ́lọ̀ kì í gé aṣọ kéré lásán,” ni ó wí. “A mọ ibi tí ìyókù máa ń lọ. O fẹ́ fi gé híjáàbù tà, àbí?”

Ẹ̀rín kúrò lójú Kàmọ́rù. “Bọ̀ọ̀dá Salahudeen, ẹ má pè mí lólè. Orí ìlà ni mo gé e. Páálí tí wọ́n fún mi ni mo tẹ̀lé. Ẹ bi Ìyá Zayd.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Memunat, tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè ní Ìyá Zayd. Ó ti dúró níwájú àwọn ọkùnrin nígbà tó wà ní ọmọdé, ojú kò sì tì í. Lónìí, ojú ènìyàn mẹ́fà wúwo lára rẹ̀ ju ti gbogbo àwọn tẹ́lọ̀ ìjọ́sí lọ. Bó bá sọ ọ́, orúkọ Rájí yóò kúrò lára pátákó lábẹ́ òfin tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Bí kò bá sì sọ ọ́, ti Kàmọ́rù ni yóò kúrò, ẹ̀rọ ìgéṣọ yóò bá a lọ, orúkọ olè yóò sì bá a wọ Ìjẹ̀bú.

“Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀la,” ni ó wí. “Ní agogo mọ́kànlá. Níwájú pátákó.”

Kàmọ́rù wò ó títí, ó sì jáde.

Ìròyìn kì í pẹ́ gun afárá. Kó tó di Àláásárì, Alhaji Ṣéhù ti wọ ṣọ́ọ̀bù Memunat, tòun ti lọ́fínńdà tó ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà láì jẹ́ pé ẹnì kan fi í lọ̀ ọ́.

“Àǹtí, ẹ kú ìnira. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí aṣọ.”

“Ẹ ti gbọ́ ju bí mo ṣe gbọ́ lọ, Alhaji.”

“Mo ti bá ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ mi á wá gbé òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ ní agogo méjìlá ọ̀la. Ó gbà. Kí ló fẹ́ dúró ṣe láàárín àwọn tó ń pè é lólè?” Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. “Ẹ jẹ́ kó máa lọ ní tirẹ̀. Ẹ ò ní láti ṣe ohunkóhun. Ẹ kàn dákẹ́. Èmi á gba iṣẹ́ ẹgbẹ̀ta yẹn lọ́wọ́ Bilqis, màá sì fi ẹ̀yin ṣe olórí àwọn obìnrin tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi. Ẹ ti dàgbà, Àǹtí. Kí lẹ ń fi gbogbo èyí ṣe?”

“Alhaji Ṣéhù,” ni Memunat wí, “òórùn yín ti kún ibí yìí, aṣọ oníbàárà á sì gbà á. Ẹ dìde.”

Ó dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan nínú èyí tó sọ jókòó sílẹ̀ de Memunat: ẹ kàn dákẹ́. Ó ti ń ṣe é láti àárọ̀ láì jẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Alhaji Ṣéhù kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni òun ń bá a ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́sàn-án kò tíì lù nígbà tó dé Olówógbowó. Kàmọ́rù ti tú ẹ̀rọ ìgéṣọ kúrò lórí tábìlì, ó ń fi àkísà wé abẹ rẹ̀. Ìdì àgékù mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ká a dáadáa, wọ́n fi okùn dè é. Memunat sún mọ́ ọn. Páálí kékeré kan wà lára ìdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí i: TI ÀJÙMỌ̀ṢE NI. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌ́DỌ̀ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Páálí Rájí wà nínú ọ̀rá, Kàmọ́rù ti gbé e sórí pẹpẹ gíga níbi tí eruku kò ti lè dé.

“Mo fẹ́ dá a padà fún yín kí ọkọ̀ tó dé,” ni Kàmọ́rù wí. “N kò jẹ́ kí ẹnì kan ya ẹ̀dà rẹ̀. Wọ́n ní ohun bàbá yín ni.”

Memunat kò lè gbà á.

“Ìyá, ṣé ẹ gbà pé mo jalè?”

“Rárá.”

“Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ lánàá?” Kò gbé ohùn sókè. “Mo ti ń wo páálí yìí láti àná. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, ẹ fi ibẹ̀ hàn mí, kí n má baà ṣe é mọ́ níbòmíràn. Ìyẹn nìkan ni mo ń bẹ̀ yín.”

Memunat tún ka ohun tó wà lára páálí kékeré náà. “Má tíì gbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀,” ni ó wí níkẹyìn. “Wá sí ìpàdé. Gbé páálí náà dání.”

Nígbà tí agogo mọ́kànlá lù, Salahudeen ti gbé àga gbọọrọ kan sábẹ́ pátákó, ó sì ti po ọ̀dà funfun sínú agolo mílíìkì. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró wòran. Kàmọ́rù dúró ní òdìkejì ọ̀nà, páálí nínú ọ̀rá lábẹ́ apá rẹ̀, bí ẹni tí kò bá wọn tan.

“Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀,” ni Salahudeen wí. “Òfin wà nílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ba iṣẹ́ jẹ́.” Ó gun àga, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó sì na ọwọ́ sí orúkọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀dà kán sílẹ̀.

Memunat wo ẹ̀kán ọ̀dà náà. Ó wo RÁJÍ lókè, tí òun fúnra rẹ̀ yan àwọ̀ lẹ́tà rẹ̀.

“Sọ̀kalẹ̀, Salahudeen. Kì í ṣe ti ìsàlẹ̀ lo máa pa rẹ́. Ti òkè ni.”

Ọwọ́ Salahudeen dúró sójú òfuurufú.

“Mi ò sọ fún un,” ni Memunat wí.

“Àǹtí mi.” Salahudeen sọ̀kalẹ̀ kíákíá, ó sún mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. “Ẹ má sọ ọ́ ní gbangba. Létí ni wọ́n ti sọ ọ́ fún wa. Létí ni.”

“Létí ni ó ti fẹ́ pa wá.” Ó yí sọ́dọ̀ gbogbo wọn, ó sì gbé ìka méjì ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. “Páálí Rájí kò pé. Ìka méjì ló fi kéré ní gbogbo etí rẹ̀. Bàbá mi ló dín in kù nítorí olè, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ parí lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ló sì ń sọ fún. Mo gbé páálí náà fún Kàmọ́rù, mo sì fi ìyókù sínú. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ó wuyì lójú mi láti fi í sínú ni. Mo pè é wá kó wá di ọ̀kan nínú wa, mo sì tún fi ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbá olè dànù gbá a. Nígbà tí ẹ bi mí léèrè, mo dákẹ́. Kàmọ́rù kò jí aṣọ. Èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́.”

Hàlímọ̀ ló kọ́kọ́ fọhùn.

“Ẹ dúró ná, Ìyá Zayd. Lọ́dún tí wọ́n ṣe ìkómọ ọmọ-ọmọ mi, mo yá páálí bùbá lọ́wọ́ yín. Bùbá yẹn fún ìyá ọmọ pa. Mo ní kó yé jẹ ẹ̀bà. Odindi oṣù méjì ni ọmọ yẹn kò fi jẹ ẹ̀bà.”

“Mo mọ̀,” ni Memunat wí. “Mo rí i. Mi ò sọ.”

“Ha,” ni Hàlímọ̀ wí. “Ọlọ́run á bi yín.” Ṣùgbọ́n ó ti ń fi etí ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu.

Kàmọ́rù kò rẹ́rìn-ín. Kò kúrò níbi tó dúró sí. Aago ń lọ. Ọkọ̀ Alhaji Ṣéhù yóò ti máa sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá. Gbogbo wọn mọ̀ pé bó bá lọ, ẹgbẹ̀ta aṣọ híhá nìkan ni yóò kù fún wọn àti ọjọ́ márùn-ún.

“Kàmọ́rù,” ni Memunat wí, “mo ṣẹ̀ ọ́. N kò ní bẹ̀ ọ́ pé kó o dúró. Mo kàn ń sọ fún ọ pé mo ṣẹ̀ ọ́, lójú àwọn tí mo ṣe é lójú wọn.”

Kàmọ́rù nawọ́ sí Salahudeen. “Bọ̀ọ̀dá Salahudeen pè mí lólè. Àwọn ará Olówógbowó ti gbọ́. Ìyàwó mi gbọ́.”

“Màá wá,” ni Salahudeen wí. “Lónìí. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ, màá bẹ̀ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́.”

“Ẹ bẹ ìyàwó mi ná. Ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ.” Ó kọjá ọ̀nà wá, ó fa páálí yọ nínú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ lé àga gbọọrọ. Ó fi ìka méjì tirẹ̀ sí etí rẹ̀, ó sì dúró, ó ń ronú. “Ìka méjì níwájú, ìka méjì lẹ́yìn. Ìka mẹ́rin ló ń fẹ́ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi àyè ojú rírán kún un. Aṣọ tó tó jàlámíà tó fẹ̀ dáadáa lẹ kó fún mi, kò sí ibòmíràn tí ohun tó sọnù lára rẹ̀ lè wà. Ó wà nínú ìdì mẹ́ta yẹn.” Ó gbójú sókè. “Bí mo bá gé e ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀yin sì rán an mọ́ ìhà méjèèjì, láti abẹ́ abíyá dé ìsàlẹ̀, ó máa tó wọn. Àmọ́ n kò mọ̀ bóyá iná á wà.”

“Bí kò bá sí iná, àlùmọ́gàjí méje wà,” ni Memunat wí.

Ọkọ̀ akẹ́rù Alhaji Ṣéhù, tí kò bá Kàmọ́rù ní Olówógbowó, wá a dé ẹnu ọ̀nà tóóró náà ní agogo méjìlá kọjá díẹ̀. Kàmọ́rù bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tú ká lọ sídìí iṣẹ́, Memunat mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì gun àga. Hàlímọ̀ di aṣọ rẹ̀ mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ ti jẹ́wọ́. A ti gbà. Ta ló ń lé yín?”

“Ẹ bẹ̀ mí pé kí n kọ ẹ̀bẹ̀ sínú òfin yẹn, mo kọ̀. Ẹ fi aṣọ mi sílẹ̀, kí n má baà ṣubú.”

Ó pa orúkọ bàbá rẹ̀ rẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ lórí lẹ́tà tó kẹ́yìn.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é. Iná wá, iná lọ. Wọ́n gé ọ̀já, wọ́n rán an, wọ́n tú èyí tó wọ́, wọ́n tún un rán. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ọ́fíìsì nítòsí CMS, Bilqis fa jàlámíà kan yọ láàárín ìdì, ó sì fi ìka tọ ojú rírán tó wà ní ìhà rẹ̀.

“Ẹ̀yin mà, kí ni èyí? Kò sí nínú sáńpù tí ẹ fi hàn mí.”

Salahudeen wo ilẹ̀. Kàmọ́rù wo Memunat.

“Àṣìṣe wa ni,” ni Memunat wí. “A gé e kéré, a sì tún un ṣe. Èmi ni mo fà á. Ó lágbára ju sáńpù lọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ sọ ọ́ báyìí.”

Bilqis wọ jàlámíà náà lé aṣọ ara rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ kábárà, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ rúkúù, ó tún nàró. Aṣọ náà kò fà á níbì kankan. Ó dúró pẹ́ díẹ̀ níwájú dígí, ó yí ìhà kan sí i, ó yí ìkejì.

“Ẹ kó ìyókù wọlé,” ni ó wí. Nípa ọdún tó ń bọ̀, kò sọ nǹkan kan, Memunat kò sì bi í.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ẹnu-Ọ̀wá, Memunat kó gbogbo páálí sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Ó mú yíǹkì tí kì í parẹ́, ó sì kọ ọ́ sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní lẹ́tà tí ẹni tí kò ríran dáadáa pàápàá lè kà: FI ÌKA MÉJÌ KÚN UN. Lẹ́yìn náà, ó kó wọn lé Kàmọ́rù lọ́wọ́, kó lọ fi ya ẹ̀dà mẹ́fà.

Pátákó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, àyè funfun kan sì wà lókè tó gbòòrò ju gbogbo wọn lọ. Àlejò tó bá wá ránṣọ a máa béèrè orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ Memunat ló bi, kì í yí ojú kúrò.

“Tèmi ni,” ni ó máa ń wí. “Ó ku oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n yín.”